Lẹ́yìn pípààrọ̀ orúnkún: pín, òwú, àbí gọ́ọ̀mù?

ỌmọRẹ́mọ:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún fún màmá wa ní Ṣàgámù. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, àpá sì máa ń wú lára wọn. Dókítà ní pín onírin lòun máa fi pa ojú abẹ náà dé. Àbúrò mi tó wà nílùú ọba ní gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹlòmíì tún ní òwú tó ń yọ́ sára ló dáa jù. Èwo ni ká bẹ dókítà fún? Ìkẹ́nnẹ́ ni màmá ń gbé, a ò sì fẹ́ máa gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ ṣáá.

Àǹtí Tíátà:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ká tó débi yíyàn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń pa dé gan-an. Ojú abẹ orúnkún máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, láti òkè ìdérí orúnkún dé ibi tí egungun ojúgun ti bẹ̀rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń rán. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni àpò orúnkún fúnra rẹ̀ pẹ̀lú iṣan tó so mọ́ ìdérí. Ọ̀rá abẹ́ awọ ló tẹ̀ lé e. Awọ ló gbẹ̀yìn. Pín, òwú àbí gọ́ọ̀mù tí gbogbo ayé ń jiyàn lé lórí, ti awọ nìkan ni.

Ibi àpò yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Vicryl nọ́ńbà 1, òwú kan tí ara máa ń jẹ tán, ni ọ̀pọ̀ tíátà ń lò fún un, kókó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí òwú ẹlẹ́gùn-ún bíi Stratafix tí kò nílò kókó rárá. Bí wọn ò bá rán an débi tí omi ò fi ní rí ibẹ̀ gbà kọjá, ẹ̀jẹ̀ àti omi orúnkún á wá ọ̀nà àbáyọ, wọ́n á sì gba àárín pín tàbí ẹ̀gbẹ́ òwú jáde. Ẹ óò wá máa bú pín, pín ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ti ọ̀rá abẹ́ awọ, Vicryl 2-0, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju nọ́ńbà 1 lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rán èyí tán, etí awọ méjèèjì ti gbọ́dọ̀ fẹnu kanra fúnra wọn. Ojú abẹ tó bá jẹ́ pé pín ló ń fà á pọ̀, ìpele kejì ni wọn ò ṣe dáadáa. Agbára Vicryl máa ń ku nǹkan bí ìdajì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara a sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 56 sí 70. Nígbà yẹn, ẹran ara ti so pọ̀.

Dókítà Eegun:
Ohun tí Àǹtí sọ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá mú awọ.

Pín ló yá jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta á, èyí tí wọ́n ń pè ní 35W, ní pín 35 nínú. Bí a bá ta wọ́n ní mìlímítà 5 sí 6 síra wọn, ẹ̀rọ kan máa ń tó ojú abẹ orúnkún kan ní géérégé. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ó ti parí. Ẹni méjì ló yẹ kó ṣe é: ọ̀kan á fi ohun ìmúnǹkan méjì gbé etí awọ méjèèjì kí wọ́n yọ síta díẹ̀, èkejì á máa ta. Tí etí awọ bá ká wọnú, òkú awọ ló ń kan òkú awọ, kò ní jiná. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ bá yọ pín, ibẹ̀ á là. Igi pín náà kò gbọ́dọ̀ rì mọ́ awọ. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, torí orúnkún á wú lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, pín tó bá ti rì tẹ́lẹ̀ á gé awọ.

Àǹfààní kan wà lára pín tí àwọn èèyàn kì í ka sí: bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jọ sábẹ́ awọ, a lè yọ ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta níbi tó wú kó lè rí ọ̀nà jáde, láìtú gbogbo rẹ̀. Òwú tó wà lábẹ́ awọ kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀: ẹnì kan gbọ́dọ̀ yọ ọ́, yíyọ náà sì máa ń dunni. Pín tó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ máa ń fi ojú ihò kéékèèké sílẹ̀ ní ìlà méjì, ẹni tí àpá ń wú lára rẹ̀ á sì rí gbogbo wọn bó bá yá. Ihò kọ̀ọ̀kan náà jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò.

Ní 2010, ìwé ìròyìn oníṣègùn BMJ gbé àkójọ ìwádìí mẹ́fà jáde, ojú abẹ 683, lórí iṣẹ́ abẹ eegun. Àkóràn orí awọ lára àwọn tí wọ́n ta pín fún lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí wọ́n fi òwú rán. Ọ̀pọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ yẹn tí wọ́n sì ń fi í lé pín kúrò ní tíátà. Ẹ rọra o. Ibi itan ni ìyàtọ̀ yẹn ti hàn jù, àwọn tó ṣe ìwádìí náà gan-an sì sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe púpọ̀ nínú wọn kò lágbára tó. N kò rò pé ó tó láti sọ pé pín burú fún orúnkún. Ó tó láti sọ pé kí á má fi ìkánjú ta á.

Àǹtí Tíátà:
Ẹ ṣé, dókítà. Àmọ́ èmi ò fi bò: bí ọwọ́ ẹni tó ń rán bá dá ṣáká, òwú abẹ́ awọ ni mo máa yàn fún màmá ẹnikẹ́ni.

Monocryl 3-0, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara máa ń jẹ, ni wọ́n máa ń lò. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń lọ sọ́tùn-ún sósì nínú ìpele ìsàlẹ̀ awọ, láìyọ síta, bíi télọ̀ tí kò fẹ́ kí òwú ìṣẹ́po hàn. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ló ń gbà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa yọ lẹ́yìn náà, kò sì sí àmì ihò. Ní 2016, àwọn oníṣẹ́ abẹ Mayo Clinic l'Amẹ́ríkà wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn sí etí ojú abẹ orúnkún, wọ́n fi òwú abẹ́ awọ yìí wé pín àti òwú ìta. Òwú abẹ́ awọ ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn jù. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí egbò jiná, pàápàá fún onítọ̀ ṣúgà.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́: Monocryl kì í lágbára pẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ku bí ìdajì lọ sókè díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, bí ìpele kejì bá fẹ́lẹ́, awọ á là bí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ká orúnkún rẹ̀ dáadáa. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ lẹ Steri-Strip (pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di etí awọ pọ̀) tàbí gọ́ọ̀mù lé e lórí. Wọn ò gbọ́dọ̀ na Steri-Strip náà bí wọ́n bá ń lẹ̀ ẹ́ lórí orúnkún, torí bí orúnkún bá wú, etí rẹ̀ á máa fa awọ, omi á sì rú lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Òwú ẹlẹ́gùn-ún tí ẹ dárúkọ yẹn ńkọ́? Mo gbọ́ pé òun ni tuntun. Kí ló dé tí wọn ò fi í rán gbogbo rẹ̀ kí ó lè yá?

Dókítà Eegun:
Ó dáa fún àpò ìsàlẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ máa ń tan agbára fífà káàkiri dípò kí kókó kan ṣoṣo máa rù ú, ó sì máa ń dín àkókò tíátà kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fà á ju bó ṣe yẹ lọ, kò ṣe é dá padà. Ẹ̀gún rẹ̀ kì í yí ẹ̀yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì gé e mọ́ ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí rẹ̀ á máa gún awọ látinú. Fún ìpele tó súnmọ́ awọ, àwọn ìwádìí kan rí egbò tó ń là tàbí tó ń tu omi ju ti òwú lásán lọ. Ẹ jẹ́ kó mọ sí ìsàlẹ̀.

Òwú náílọ́nù ìta, 2-0 tàbí 3-0, kì í ṣe ohun àtijọ́ tí a ó sọ nù. Bí awọ bá fẹ́lẹ́ bíi bébà, bí aláìsàn bá ti ń lo oògùn sítẹ́róìdì tipẹ́, tàbí bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí wọ́n máa la orúnkún kan náà, òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹni tó ń so ó kàn gbọ́dọ̀ rántí pé awọ á wú: kókó tó bá le pọ̀jù á sọ etí awọ di dúdú.

Oníkẹ́míìsì Ìlíṣàn:
Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, torí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Dermabond ni èyí tí àbúrò yín ń sọ, wọ́n gbà á wọlé l'Amẹ́ríkà láti 1998. Kì í ṣe súpà gúlúù tí vọkanáísà ń lò o. Ti vọkanáísà máa ń gbóná tó bá ń gan, ó sì máa ń jó ẹran ara. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í lẹ ojú abẹ tó bá là.

Gọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ kì í rọ́pò rírán lórí orúnkún. Ibẹ̀ ń ká lójoojúmọ́. Òwú ló ń fa awọ pọ̀, gọ́ọ̀mù ń di orí rẹ̀ kí omi má bàa wọlé. Awọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó kùn ún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ, gọ́ọ̀mù á wọ inú egbò, ibi tó bá sì wọ̀ kò ní jiná. Ó máa ń rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Prineo, tó jẹ́ àwọ̀n pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, máa ń dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, kì í sì í sí ní gbogbo ilé ìwòsàn.

Méjì tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Ìkíní: vásílìnì, òrí, àdín, ìpara èyíkéyìí máa ń tú gọ́ọ̀mù. Ìkejì: ara àwọn kan kì í gbà á. Ẹni tó bá ń fi gọ́ọ̀mù lẹ èékánná oníke tàbí ìpéǹpéjú, tí ibẹ̀ sì máa ń yún un tàbí kó wú, kó sọ fún dókítà kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà. Ìyún àti eéwo omi tó bá yọ yí ojú abẹ ká lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí ó gba gbogbo ibi tí gọ́ọ̀mù dé, ti ara tí kò gbà á ni lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ti kòkòrò. Ẹ lọ fi han dókítà kí ẹ tó máa gbé kápúsù mì.

Ẹ jọ̀ọ́, kápúsù náà: ẹ má tú lulú áńpísílìn dà sórí egbò. Ó ń di èèpá, omi ń rú lábẹ́ rẹ̀, a ò sì ní lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

ỌmọRẹ́mọ:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ta ló wá lè yọ pín bó bá jẹ́ pín ni? Kẹ́míìsì ìtòsí ní àwọn lè fi réésà yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Egbò:
Réésà kẹ̀? Rárá o. Ohun èlò ìyọpín wà, owó rẹ̀ ò pọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń dá màmá sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹyọ kan nínú ọ̀rá tí wọn ò tíì já, kí ẹ gbé e dání pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ sí, kí ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí yín. Kò pọn dandan kí ẹ padà sí Ṣàgámù nítorí pín nìkan, bí egbò bá ti gbẹ.

Ọjọ́ 10 sí 14 ni. Fún onítọ̀ ṣúgà tàbí ẹni tó ń lo sítẹ́róìdì, wọ́n lè fi í sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ni yóò sọ.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n yọ ọ́: kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn nu ojú rẹ̀, kí èèpá rọ̀. Eyín ìsàlẹ̀ ohun èlò náà á wọ abẹ́ pín láàárín gbùngbùn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dé ìparí kí ẹsẹ̀ pín méjèèjì ṣí síta tán, kí wọ́n tó gbé e sókè tààrà. Ẹni tó bá gbé e kó tó ṣí tán ló máa ń fa awọ ya. Kí wọ́n yọ ọ̀kan, kí wọ́n fo ọ̀kan. Bí ojú abẹ bá dúró, kí wọ́n yọ ìyókù. Bó bá là níbì kan, kí wọ́n dúró, kí wọ́n fi Steri-Strip dè é, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, kí wọ́n sì pe dókítà. Kí wọ́n ka pín tí wọ́n yọ, kí wọ́n fi wé iye tó wà nínú ìwé. Èyí tó bá rì sábẹ́ èèpá ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Nílé: kí dírẹ́sìn tíátà wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi sọ pé ẹ ṣí i. Bó bá jẹ́ Aquacel, ó lè dúró tó ọjọ́ méje láìṣí. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀sì àti báńdéèjì, ẹ má ṣí i lójoojúmọ́ láti wò ó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá rin. Ooru tiwa yìí, òógùn máa ń mú etí pílásítà ṣí. Bó bá ti ṣí dé ibi egbò, ó ti di dandan kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 48, màmá lè dà omi sára bí dókítà bá gbà, kí dírẹ́sìn tí omi ò lè wọ̀ wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n má jókòó sínú omi, kí wọ́n má sì fi kànrìnkàn ha ibẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára dírẹ́sìn lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì kò burú. Egbò tó bá ṣì ń tu omi lẹ́yìn wákàtí 72, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ní 2007, ìwádìí kan fi hàn pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ojú abẹ orúnkún bá fi ń tu omi sí i máa ń fi ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu àkóràn. Bó bá di ọjọ́ 5 sí 7 tí kò dúró, ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fẹnu kò lé lórí ní 2013 ni pé kí wọ́n gbé e padà sí tíátà, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún un rán. Àwọn ará ilé máa ń sọ pé “omi burúkú ló ń jáde, ẹ jẹ́ kó jáde tán.” Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ni kòkòrò ń gbà wọlé, irin ló sì wà nísàlẹ̀.

Dókítà Eegun:
Mo fi ọwọ́ sí i. Mo sì fi kún un: ẹ má bẹ̀rẹ̀ oògùn ap'àkóràn nílé fún egbò tó ń tu omi. A ní láti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi orúnkún ká yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn tí ẹ bá ti fún un ṣáájú á fi kòkòrò náà pa mọ́, a ó sì máa tọ́jú ohun tí a ò mọ orúkọ rẹ̀.

Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ má dúró de kó pupa. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wé orúnkún méjèèjì. Bí èyí tí wọ́n ṣe bá ń gbóná sí i dípò kó máa rọlẹ̀, bí awọ bá ń dán, bí àwọ̀ rẹ̀ bá di dúdú tó fẹ́ pọ́n bí àlùkò, bí ìrora bá dínkù tẹ́lẹ̀ tó tún wá ń le, ẹ gbéra. Orúnkún tuntun máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ fún oṣù mélòó kan. Èyí tó ń pọ̀ sí i ni ẹ máa ṣọ́.

Oníkẹ́míìsì Ìlíṣàn:
Kí n tó gbàgbé: oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi rivaroxaban tàbí abẹ́rẹ́ inú ikùn, lè mú kí egbò máa tu ẹ̀jẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ẹsẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ pe dókítà, òun ló lè pààrọ̀ rẹ̀ tàbí dín in kù. Àgbo tàbí atalẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú ọtí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní gbogbo àsìkò tí wọ́n bá ń lo oògùn yìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹni tó ti sín gbẹ́rẹ́ yí orúnkún ká nítorí ìrora ńkọ́? Ní tiwa, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí àgbàlagbà tí kò ní in.

Dókítà Eegun:
Gbẹ́rẹ́ àtijọ́ tó ti jiná kì í dí wa lọ́wọ́, kò jinlẹ̀. Gbẹ́rẹ́ tuntun tàbí ibi tí wọ́n fi iná jó, a ó sún iṣẹ́ abẹ síwájú títí awọ fi máa jiná tán. Àpá iṣẹ́ abẹ tó gùn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ awọ iwájú orúnkún, ìhà inú ló ti ń wá jù. Bí àpá gígùn bá ti wà méjì, èyí tó wà níta jù ni a máa ń tún là, kí awọ àárín méjèèjì má bàa kú. Ẹ fi gbogbo àpá hàn wá, ẹ má fi ìtìjú bò ó. Ẹ tún sọ bí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ sínú orúnkún náà láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Sítẹ́róìdì ni ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ orúnkún yẹn, ewu àkóràn sì máa ń ga bí iṣẹ́ abẹ bá tẹ̀ lé e kíákíá.

Fún màmá tiyín, ọ̀rọ̀ ṣúgà ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ pín lọ. Ẹ béèrè HbA1c wọn, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ kó kọjá 7.5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ má máa kọjá 180 mg/dl. Kí wọ́n máa jẹ ẹja, ẹyin, ẹ̀wà. Ìkọ́kọrẹ́ náà dáa, àmọ́ kí ẹja inú rẹ̀ pọ̀ ju iṣu ewùrà lọ.

Físíò Ṣàgámù:
Ẹ kú ìjíròrò. Gbogbo yín sọ̀rọ̀ egbò, ẹ ò sọ bí èèyàn ṣe máa ká orúnkún. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi pa á dé, pín o, òwú o, gọ́ọ̀mù o, màmá gbọ́dọ̀ dìde lọ́jọ́ kìíní tàbí ìkejì. Ojú abẹ kì í là nítorí pé èèyàn ká orúnkún níwọ̀nba. Orúnkún tí wọn ò ká ló ń gan. Kíká tó ìwọ̀n dígírì 90 ni ọ̀pọ̀ ń lépa kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì.

Ṣùgbọ́n bí omi bá ń jáde, ẹ fi agídí kíká sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Láti 1990 ni a ti mọ̀ pé bí orúnkún bá ká kọjá ìwọ̀n dígírì 40 ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń dé etí awọ máa ń dínkù, pàápàá ní ìhà ìta. Kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa na ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e sókè ju àyà lọ bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, kí wọ́n sì fi yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé sí i fún ìṣẹ́jú 15. Ìrọ̀rí, abẹ́ gìgísẹ̀ ni kó wà. Èyí tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ orúnkún dùn mọ́ aláìsàn, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gan ní kíká.

Omi gbígbóná àti aṣọ ìnuwọ́ kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ó ń mú kó wú, ìhà ìta ojú abẹ máa ń kú tipiri, torí iṣan ìmọ̀lára kékeré tó gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n ní láti gé. Màmá ò ní mọ̀ pé omi náà ń bó wọn. Robb àti Aboniki náà, kí wọ́n jìnnà sí ojú egbò.

ỌmọRẹ́mọ:
Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Bí mo bá gbọ́ yín yé: kí n béèrè bóyá wọ́n lè rán awọ pẹ̀lú Monocryl, kí n má bá wọn jà bí wọ́n bá yan pín?

Àǹtí Tíátà:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi dókítà léèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, èwo lọwọ́ yín mọ́ jù?” Òun ni kí ẹ gbà. Àpá tó ń wú lára màmá, ẹ dárúkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Ó lè jẹ́ ìdí tí wọ́n á fi yan òwú. Bó bá jẹ́ pín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Nígbà tí egbò bá ti jiná pátápátá, tí kò sí èèpá kankan mọ́, wọ́n lè lẹ sílíkọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ sórí àpá náà, wákàtí 12 ó kéré tán lóòjọ́, fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, òógùn máa ń mú un rùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Bí òwú bá wá yọrí síta lẹ́yìn oṣù kan ńkọ́? Ẹnì kan ní ká fà á.

Nọ́ọ̀sì Egbò:
Ẹ má fà á. Orí kókó òwú tí ara ò tíì jẹ tán ni, ó sábà máa ń yọ ní ìpẹ̀kun ojú abẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà. Kí nọ́ọ̀sì fi sísọ́ọ̀sì tó mọ́ gé e mọ́ awọ, kí wọ́n fi gọ́ọ̀sì bò ó fún ọjọ́ méjì. Bó bá jẹ́ kiní kékeré bí èékánná, tó gbẹ, kò sí wàhálà. Bí ọyún bá ń jáde níbẹ̀, tàbí ihò náà ń jinlẹ̀ sí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Físíò Ṣàgámù:
Ìkúnlẹ̀ kíkí náà, kí àwọn ọmọ sọ fún màmá pé ẹnikẹ́ni ò ní bínú bí wọ́n bá kí èèyàn lórí ìdúró. Títí ojú abẹ fi jiná, orúnkún náà kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ rárá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí dókítà bá gbà, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lórí ibùsùn tàbí ìrọ̀rí tó nípọn, ọwọ́ di àga mú. Ó máa ń rí bákan lára, àmọ́ kì í ba irin jẹ́. Fún ẹni tó ń kírun, àga ni kó lò títí di ìgbà yẹn.